Ọkọ̀ Pupa Tó Dúró De Ìyá

Òórùn tàpólì tí oòrùn ti pa gbóná ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, kí n tó rántí ọkọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé kan ní Ire-Akari ni, ní Ìsọlọ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Bàbá tó ni ọkọ̀ náà fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ lókè òkun, ó sì ń ta ohun tí kò lè kó dání. Nígbà tó ká tàpólì náà kúrò, ọkọ̀ eré kékeré kan ló yọ, pupa, onílẹ̀kùn méjì, ó rẹlẹ̀ débi pé èèyàn gbọ́dọ̀ ká ara rẹ̀ bí ẹní kó tó lè wọ inú rẹ̀. N kò rí iná kankan níwájú rẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé ọkọ̀ tí kò lójú rèé. Bàbá náà na ọwọ́ sínú, ó tẹ nǹkan kan, iná méjèèjì sì rọra dìde láti ojú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ má rò pé mo fọwọ́ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ o. Tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà náà, àwa àti àwọn ọmọ wa ń gbé ní Ṣógúnlé, ọkọ mi sì ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù ọkọ̀ òfuurufú. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ rí irú ọkọ̀ yìí nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́. Ọ̀gá kan tó ń wa ọkọ̀ òfuurufú ló máa ń gbé tirẹ̀ wá síbi iṣẹ́. Láti ìgbà náà kò yé sọ ọ́. Nígbà tó wá dé lọ́jọ́ kan tó ní ọ̀kan wà ní Ire-Akari tí wọ́n fẹ́ tà, mo bi í pé ibo la máa kó àwọn ọmọ sí, ṣé orí rẹ̀ ni. Mo pè é ní ọkọ̀ àwọn ọmọ yàhúù. Mo tún pa òwe lé e, pé àgbàlagbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ní ń lé e. Òwe náà dùn lẹ́nu mi gan-an, mo tiẹ̀ pa á lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ kejì ló sọ ohun tó ń lé e fún mi. Dókítà ti sọ fún un pé àrùn tó wà lójú rẹ̀ kò ní í pa dà sẹ́yìn, pé láti ẹ̀gbẹ́ ni ojú náà ti ń kú bọ̀ wá sí àárín. Wọ́n ní kí ó má wakọ̀ lálẹ́ mọ́, bí ọ̀sán bá sì ti ń ṣú mọ́ ọn lójú, kí ó gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ pátápátá. Ó ní ohun kan ṣoṣo ló kù tí òun fẹ́ fi ojú náà ṣe: kí òun wa ọkọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí ojú ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú máa ń dá, kí òun sì fi ojú ara òun rí ọ̀nà náà. Mo sunkún títí. Owó tí a fẹ́ fi kan páànù ilé tí à ń kọ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú rẹ̀, ni mo ní kí ó lọ mú.

Ẹ bá rí bí ọkọ mi ṣe yẹ ọkọ̀ náà wò ní Ire-Akari lọ́jọ́ náà. Ó ti kìlọ̀ lórí fóònù pé kí wọ́n má tan ẹ́ńjìnì rẹ̀ kí a tó dé, nítorí pé ọkọ̀ tí wọ́n bá ti mú gbóná de oníbàárà, ó ní ohun tí wọ́n ń fi pa mọ́. Ó fi aṣọ wé òòfà kékeré kan, ó ń gbé e lé ara ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ó lè mọ ibi tí irin ti jẹrà tí wọ́n sì fi pọ́tì dí i, nítorí òòfà kì í lẹ̀ mọ́ pọ́tì. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì, ó gbóòórùn abẹ́ rẹ̀ bóyá omi àgbàrá ti wọ̀ ọ́ rí. Ó ní irú ọkọ̀ yìí kò pọ̀ láyé mọ́, èyí tí gbogbo ohun tó bá wá bá ṣì wà lára rẹ̀ ló níye lórí, àti pé ọ̀dà tuntun tó ń dán lè ba iye rẹ̀ jẹ́ ju ọ̀dà àtijọ́ tó ti ṣá lọ. Gbogbo ohun tó bá fẹ́ wò, ńṣe ló ń yí orí sọ́tùn-ún yí i sósì kó tó rí i tán. Bàbá tó ni ọkọ̀ rò pé ìmọ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó wò ó tìyanutìyanu, ó ní, "Ẹ mọ ọkọ̀ o." Èmi wo ibòmíràn.

Nígbà tí ó kan ìdúnàádúrà, èmi ni mo bọ́ síwájú. "Bàbá, ẹ gba tiwa rò. Ìjókòó méjì péré ló ní o, ìdajì ọkọ̀ la fẹ́ rà." Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Ìyàwó, ìwọ ló yẹ kó bá mi ta àwọn ẹrù tó kù nínú ilé yìí." Ó dín in fún wa dáadáa, ó sì na kọ́kọ́rọ́ sí ọkọ mi, pé kí ó máa wà á lọ sílé.

Ọkọ mi kò wà á. Àkọ́bí ìyá rẹ̀ ni. Láti orí kẹ̀kẹ́ tó kọ́kọ́ rà títí dé orí jẹnẹrétọ̀ ilé wa, kò lo ohun kan tó fi òógùn ojú rẹ̀ rà rí kí ìyá rẹ̀ tó fọwọ́ kàn án, kó bu omi tútù sí i, kó sì gbàdúrà lé e lórí. Bí a ti ń ṣe é nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. A háyà ọkọ̀ tó ń gbé ọkọ̀, ó gbé e dé Ṣógúnlé, gbogbo àdúgbò sì rò pé ọkọ̀ tó ti kú la lọ rà. Obìnrin tó ń gbé òkè wa wá bá mi kẹ́dùn: "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀, mọkálíìkì máa jí i." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó ti ṣubú ní balùwẹ̀ kí a tó ra ọkọ̀, itan rẹ̀ sì ṣẹ́. Nígbà tí a pè é lórí fóònù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kó tẹ ojú títì o. Mò ń bọ̀. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo máa fi rìn dé ìdí ọkọ̀ ọmọ mi, ẹnikẹ́ni ò ní gbé mi débẹ̀." Ó wá jókòó, ó ń dúró de ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò mọ̀ pé nǹkan ń lé wa. Láti ìgbà tí àbúrò ọkọ mi ti kú, tí ẹ̀jẹ̀ ríru fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ìyá náà lọ, ni gbogbo ẹbí ti fẹnu kò pé ìròyìn burúkú kò gbọ́dọ̀ dé etí rẹ̀ mọ́. Mo bẹ ọkọ mi pé kí a sọ ọ̀rọ̀ ojú yìí fún un. "Ṣé kí n fi ojú mi pa ìyá mi ni?" ló bi mí. Òrìṣà bí ìyá kò sí. Ta ni mo jẹ́ tí mo fẹ́ bá òrìṣà du ìjókòó?

Ọdún Àjíǹde kọjá, òjò dé, òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Ní gbogbo Sátidé, ọkọ mi á ká tàpólì, á sì fọ ọkọ̀ tí kò lọ sí ibì kankan. Lọ́jọ́ kan mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí i tó ń fọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ó fọ̀ ọ́ tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọṣẹ ti gbẹ funfun sí gbogbo ẹ̀gbẹ́ òsì. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gba kànìnkànìn lọ́wọ́ rẹ̀, mo fọ ìyókù. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni kò ti mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ àtijọ́ wa, èyí tó ń gbé lọ síbi iṣẹ́, mọ́, nígbà tó sì yá, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó jókòó sílé.

Ìyá dé nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ sí ẹnu géètì, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ìrìn. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n kò kọjú sí i gan-an. Ohùn rẹ̀ ló tẹ̀ lé. Ìyá rò pé ayọ̀ ló ń dà á láàmú, ó kì í ní oríkì rẹ̀, ó ní kí ó dìde. Ó bu omi sí iwájú ọkọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì ra á láti bọ́nẹ́ẹ̀tì dé ẹ̀yìn, ó gbàdúrà gígùn. Ó gbàdúrà pé ojú ọmọ òun kò ní í rí ibi lójú ọ̀nà. Mo ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ló wọ inú ọkọ̀, tòun ti ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jiná, ó pàṣẹ pé, "Ó yá, wà mí kiri àdúgbò."

Ọkọ mi jókòó sídìí ọkọ̀. Ó tan ẹ́ńjìnì, ó tẹ iná, iná méjèèjì dìde. Èmi ni mo ṣí géètì, n kò mọ ohun tó mú mi ṣí i. Ọkọ̀ náà ń kùn níbẹ̀, kò lọ. Nígbà tó pẹ́, ó pa á.

"Màámi, mi ò ríran mọ́."

Ìyá gbé ọwọ́ síwájú ojú ọmọ rẹ̀, ó jù ú sọ́tùn-ún, ó jù ú sósì. Ó bi í pé láti ìgbà wo. Ọkọ mi ní ó ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó ra ọkọ̀. Ìyá kò pariwo, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ru, kò sí ọ̀kan tó ṣẹlẹ̀ nínú gbogbo ohun tí à ń bẹ̀rù. Ó kàn sọ pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí. Ṣebí fóònù ni mo fi ń gbàdúrà fún yín láràárọ̀. Ẹ ò bá ti sọ fún mi, ǹ bá ti fi fóònù náà gbàdúrà lé e, ǹ bá ní kó o máa wà á lọ." Ó di orí ọmọ rẹ̀ mú mọ́ra, àwọn méjèèjì sì sunkún nínú ọkọ̀ kékeré náà, níbi tí kò sí àyè fún ẹni kẹta.

Ìyá ti dolóògbé báyìí. Ọkọ̀ náà ṣì wà lábẹ́ tàpólì rẹ̀. Àwọn oníbàárà máa ń wá wò ó, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n mọ irú rẹ̀. Ọ̀kan wá láti Àjàó Estate láìpẹ́, ó wo ibi tí wọ́n ń kọ ìrìn ọkọ̀ sí, ó ní, "Màmá, ọkọ̀ yìí ò rìn rárá. Ohun tó jẹ́ kó wọ́n nìyẹn o. Ká ní ẹ ti ń wà á ni, iye rẹ̀ kò ní tó báyìí." Mo ní mo gbọ́. Ó dùn mí wọra. Ọkọ mi kò tà á.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń fi ọwọ́ ra ògiri dé ìdí rẹ̀, á tan ẹ́ńjìnì kí bátìrì má bàa kú, á tẹ iná. Èmi á dúró síwájú ọkọ̀. Láti ọyẹ́ tó kọjá ni iná òsì kì í ti í dìde mọ́. Ó kàn máa ń mì díẹ̀ ni, á tún dùbúlẹ̀. Ọkọ mi á wá gbé ojú sókè sí ọ̀dọ̀ mi.

"Ṣé méjèèjì dìde?"

"Méjèèjì ni, Dádì."