Igbe Bíréèkì Tó Ṣáájú Mi Délé

Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí, mo ti fi ikọ́ dá ọkọ̀ dúró rí. Ikọ́ ẹyọ kan péré. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ ìjàpá mi ni, arúgbó bíi tèmi, a sì ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà ṣáájú ilé wa ní Ìgàndó lẹ́yìn òjò ńlá. Mo tẹ bíréèkì, òfo. Mo tún un tẹ̀, òfo. Ni mo bá wúkọ́ láti ìsàlẹ̀ ikùn, ọkọ̀ gbọ̀n, ó sì dúró. Ìyàwó mi ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun ìbá jẹ́rìí mi, ṣùgbọ́n kò sí láyé mọ́.

Lọ́jọ́ náà, ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ń gbọn yanrìn kúrò lára ìró rẹ̀. Ẹ má bi mí níbi tí yanrìn ti wá.

"Bàbá Onípákó," ó ní, torí pákó ni mo ń tà ní Ìkòtún, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò sì ń pè mí, "bí ẹ ò bá fún ọkọ̀ yìí ní ìjánu gidi, ẹsẹ̀ mi ni n ó máa fi rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Bíréèkì àtijọ́ náà, irin róbótó inú táyà lọ́hùn-ún tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní dúrọ́ọ̀mù, omi máa ń wọ̀ ọ́ lójò. Tí ilẹ̀ bá sì gbẹ, á máa ké: híììììn, bí ewúrẹ́ tó ń rọbí. Lójoojúmọ́, nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìyàwó mi á gbọ́ nínú ilé. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú nígbà náà, kò rí ju òjìji ènìyàn lọ, etí ló fi ń mọ̀ pé ọkọ òun dé. Á gbé omi ẹ̀bà kaná. Kí n tó pa ọkọ̀, omi ti ń hó.

Mo gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì kan ní Dọpẹmu, ọmọ Oǹdó tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó yọ táyà iwájú, ó fi òòlù kan dúrọ́ọ̀mù náà, ó dún gbì.

"Bàbá, ìlù lẹ̀ ń gbé kiri. Ẹ jẹ́ n yọ ìlù, kí n fi àwo sí i."

"Àwo wo? Àwo ọbẹ̀?"

"Àwo irin pẹlẹbẹ tó ń yí pẹ̀lú táyà. Tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, nǹkan á fún un lọ́tùn-ún lósì, bí ẹni fi ìka méjì mú àkàrà."

"Ṣé á máa kọrin?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ti gírámófóònù nìyẹn, bàbá. Eléyìí ò ní fọhùn rárá. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ dúró, ó tán."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti ronú. Mi ò ronú. Ó rí àwo tòkunbọ̀ lára ìjàpá kan tí wọ́n ti tú palẹ̀, ọjọ́ méjì ló sì fi pààrọ̀ táyà iwájú méjèèjì. Nígbà tí mo dán an wò lójú títì, díẹ̀ ló kù kí iwájú orí mi fẹnu ko gíláàsì.

Mo sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ́jọ́ náà bí ẹni tó ń yọ́ rìn. Mo wọlé. Ààrò tutù. Ìyàwó mi jókòó ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, èmi sì dúró síwájú rẹ̀ gangan.

"Ta nìyẹn?" ó kígbe.

"Èmi ni jàre."

"Ẹ̀yin? Ẹ wọlé bí olè!"

"N ó máa fọn fèrè ọkọ̀ fún ọ."

"Fèrè? Ta ni ò ní fèrè ní Ìgàndó yìí? Igbe yẹn, tiwa nìkan ni."

Tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, mo délé, mo bá ìkòkò tí omi inú rẹ̀ ti gbẹ, tí ìdí rẹ̀ ń jó.

"Níbo lẹ yà sí?" ó bi mí. "Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ yín lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́."

"Kí lo gbọ́?"

"Bíréèkì yín. Bó ṣe máa ń ké."

Ní àkókò tó wí yẹn, mo ṣì ń wọn pákó ní Ìkòtún. Ó tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ Èkìtì ni ìyàwó mi; ó ní ìyá òun sọ fún òun pé ẹni tí ìró rẹ̀ bá ń ṣáájú rẹ̀ délé, ọjọ́ rẹ̀ ló kù díẹ̀. Ó ń sunkún mi láàyè. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ó ń fọwọ́ wá ojú mi, imú mi, bí ẹni tó fẹ́ há mi sórí.

"Ẹ dá ìlù yẹn padà," ó bẹ̀ mí. "Kí ohùn ọkọ̀ lè padà sára ọkọ̀."

Mo sáré lọ sí Dọpẹmu. Mẹkáníìkì ní àwọn tó ń ra irin kóńdẹ̀mù ti kó ìlù lọ. "Bàbá, bóyá ó ti di ilẹ̀kùn ẹnìkan ní Ìyànà Ìpájà." Mi ò lè rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, mi ò lọ sí ìsọ̀. Mo jókòó ti ìyàwó mi ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Ọkọ̀ wà níwájú ilé, kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi. Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, ó gbórí sókè, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú pinpin.

"Ẹ gbọ́? Ó ti dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ̀yin rèé. Ta ló wá ń bọ̀?"

"Mo gbọ́ ọ," mo ní. "Àbí èmi nìkan ni mo ní ìjàpá ni? Ọkùnrin kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí ìsàlẹ̀ odò. Onídúrọ́ọ̀mù ni tiẹ̀. Ó ga débi pé orúnkún rẹ̀ ń kan àgbọ̀n rẹ̀ nínú ọkọ̀."

Ọwọ́ rẹ̀ tú díẹ̀díẹ̀.

"Òun ló ń ké lójoojúmọ́?"

"Òun mà ni."

"Kí ìyàwó ẹ̀ yáa tètè gbé omi kaná," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó jẹ ẹ̀bà dáadáa lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, tó bá gbọ́ ọ, á ní, "Ọkọ ẹlòmíràn ti dé," á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà ọyẹ́ ọdún kejì ló kú, lójú oorun ọ̀sán. Èmi tí wọ́n ní ọjọ́ mi kù díẹ̀, èmi ni mo sin ín. Lẹ́yìn rẹ̀, tí mo bá ti dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo máa ń yí gíláàsì wálẹ̀, mo máa ń tẹ bíréèkì jẹ́jẹ́, mo sì máa ń tẹ́tí. Àwo ò fọhùn.

Irọ́ wà nínú ohun tí mo kọ yìí, ẹ jẹ́ n yọ ọ́. Ikọ́ kọ́ ló dá ọkọ̀ dúró; òkìtì yanrìn àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù la forí sọ. Kò sí ọkùnrin gígùn kankan nísàlẹ̀ odò. Mo wá ìjàpá onídúrọ́ọ̀mù kiri gbogbo àdúgbò, mi ò rí. Àti "mo gbọ́ ọ" tí mo sọ nígbà tó di ọwọ́ mi mú, irọ́ ni. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.