Omi Tí Kò Ní Òdìkejì

Òórùn pupuru tó ń gbẹ lórí iná ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ tí a gbéra. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà sí Ìkọ̀yà, ẹ mọ òórùn náà: ẹ̀gẹ́ tó ti kan, tó wá gba èéfín, èéfín tí í wọ irun ọmọ ènìyàn tí ọṣẹ kò ní mú un kúrò. Ìyé, ìyá tó bí mi, ń fi ọ̀bẹ ha ẹ̀yìn dúdú kúrò lára pupuru, ó ń kó èyí tó ti funfun sínú apẹ̀rẹ̀. Èmi àti Títí, ọmọ àbúrò bàbá mi, ni yóò rù ú lọ fún àbúrò Ìyé tó ń tajà ní Igbókòdá.

Èmi kò rí ilé ẹ̀kọ́ wọ̀. Bàbá mi ní ẹni tí yóò máa ṣa ẹyìn lẹ́yìn òun ni òun bí. Títí ló ń lọ. Èmi a gbé apẹ̀rẹ̀ ẹyìn sórí, mà á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé wọn, mà á máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ké bí ẹyẹ ẹ̀gà. Ibẹ̀ ni Títí ti gbé ọ̀rọ̀ wálé pé omi kan wà tí kò ní òdìkejì. Mo ní irọ́ ni. Odò tí mo mọ̀, bí o bá dúró létí rẹ̀, wàá rí igi níwájú. Tíṣà tó ní òun rí omi tí kò lópin, kí ló ń fi pamọ́ síbẹ̀? Títí ní, "Bí o kò bá gbà, lọ wò ó." Ọ̀rọ̀ náà gún mi bí ẹ̀gún. Nígbà tí Ìyé wá dárúkọ Igbókòdá, mo mọ̀ pé òkun kò jìnnà síbẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i.

Ìyé kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ó máa ń ní, "Pańsá ò fura, pańsá já síná, àjà ò fura, àjà jìn." Láyé ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ gbọ́mọgbọ́mọ kún ìlú, wọ́n ní ojú omi ni wọ́n ń kó ọmọ gbà lọ. Láàárọ̀ yẹn, ó fà wá létí lọ́kọ̀ọ̀kan. "Bí ẹnikẹ́ni bá ṣe yín lóore tó dùn jù, ẹ sá."

Awakọ̀ tó ń kó epo lọ jẹ́ kí a jókòó sáàárín àwọn dúrọ́ọ̀mù rẹ̀. Iṣẹ́ tiwa ni kí a pariwo bí ìdérí kan bá ṣí. Kò gba kọ́bọ̀. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀.

A dé Igbókòdá, òórùn epo gba gbogbo ara wa. Mo bẹ àbúrò Ìyé títí ó fi pe oníbàárà rẹ̀ kan, obìnrin Ìlàjẹ tó ń ta ẹja, pé kó mú wa dé abúlé rẹ̀ létí òkun, kó sì dá wa padà ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Obìnrin náà wò wá látòkè délẹ̀. "Kí wọ́n máa gbọ́n omi inú ọkọ̀ mi dànù. Ó tán."

Mo fi ẹnu sí Títí létí. "Ta ní í gbé ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Omi tí a máa gbọ́n, ọ̀fẹ́ nìyẹn? Ojo!"

A wọ ọkọ̀. Omi náà dúdú bí omi aró, gbòǹgbò igi sì dúró lókè rẹ̀ bí ẹsẹ̀ akàn. A fi igbá gbọ́n omi títí apá fi ń ro wá. Obìnrin náà ń wa ọkọ̀, ó ń béèrè ọ̀rọ̀. Kí ni orúkọ bàbá wa? Mo pa irọ́. Èmi ni àkọ́bí? Mo ní rárá, bẹ́ẹ̀ èmi ni. Ó wá ní, "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n wẹ̀?" Kí n tó fọwọ́ tọ́ ọ, Títí ti ní a kò mọ̀ ọ́n. Obìnrin náà mi orí. Mo sọ nínú ọkàn mi pé, ó ti rí i pé a kò lè sá.

Ọkọ̀ mìíràn pàdé wa, ọkùnrin ẹ̀yà Ìjọ kan ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n sọ èdè tí n kò gbọ́. Ọkùnrin náà nawọ́ síwájú, obìnrin náà nawọ́ sí wa. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà wá ju okùn sínú ọkọ̀ wa, ó lọ. Obìnrin náà gé e sí méjì, ó so ọ̀kan mọ́ ìdí mi, ó so èkejì mọ́ ti Títí, ó fi ìdí okùn méjèèjì kọ́ igi ìdábùú ọkọ̀. "Ẹ jókòó jẹ́ẹ́."

Ó ti tà wá, ó parí. Bí ó ṣe kọjú síwájú, mo tú tèmi. Mo ṣẹ́jú sí Títí kó tú tirẹ̀. Ó gbọn orí.

Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì kan sáré kọjá. Ìgbì dé, ó gbé imú ọkọ̀ wa sókè, èmi sì rí ara mi nínú omi. N kò lè sọ bí ó ti pẹ́ tó. Mo mọ̀ pé ọwọ́ kan di irun mi mú, ó fà mí sókè bí ẹni fa ẹ̀gẹ́ tu. Títí ń ké, okùn mú un dúró gbọingbọin.

Obìnrin náà tú gèlè rẹ̀, ó fi wé mi. "Ọmọ ará òkè! Ta ló ní kí o tú u?"

Mo ní, "Ẹ ti tà wá."

"Kí n tà ọ́? Ta ni yóò ra ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ọkùnrin yẹn ló sọ fún òun pé omi ń ru níwájú, pé láàárín àwọn ará omi, a kì í gbé ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n wẹ̀ kọjá ibẹ̀ láìso. "Mo bí ọ̀kan tí n kò so. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni n kò so ó."

Fúnra mi ni mo so okùn náà padà.

Mo rí òkun. Mo wo iwájú, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sí igi kankan. Mo tọ́ ọ wò, iyọ̀ ni. Mo bi obìnrin náà bóyá kùrukùru ló bo òdìkejì, ó ní kí n jókòó dìgbà tí yóò fi ká. Mo jókòó títí oòrùn fi wọ inú omi. Mo bú sẹ́kún, n kò mọ ìdí rẹ̀ títí di òní. Nígbà tí a padà délé, Ìyé tú irun wa wò bóyá ẹnìkan ti gé níbẹ̀.

Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn lọ sí Àjàṣẹ́ lẹ́yìn bodè, kí wọ́n máa wọ ọkọ̀ pọ́ọ́kú, kí wọ́n sùn nílé ọmọbìnrin kan tí wọ́n mọ̀ lórí fóònù, kí wọ́n sì máa bá a ṣe iṣẹ́ ilé dípò owó ibùsùn. Mo ní kò ṣeé ṣe. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin náà ńkọ́?"

Àwọn ajínigbé kò sí lójú títì wa nígbà náà bí wọ́n ṣe wà báyìí, ìyẹn kì í ṣe àròsọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mo jẹ́ yẹn ń fura, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń lọ. Èmi jókòó sẹ́nu ọ̀nà; ọlọ́kadà tí yóò gbé mi dé ṣọ́ọ̀ṣì gan-an, mo máa ń béèrè ọmọ ta ni. Ìfura ọmọ yẹn máa ń béèrè ọ̀rọ̀. Tèmi ti ní èsì kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu.

Lánàá, mo ní kí ọmọ ọmọ mi pe ọmọbìnrin Àjàṣẹ́ náà, kó sọ fún un pé kó gbé fóònù fún ìyá rẹ̀. Obìnrin náà kí mi. Ohùn rẹ̀ tutù jù, n kò fẹ́ràn rẹ̀. Mo ń wá ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ ni òun bi mí pé, "Màmá, ẹ má bínú o. Irú àwọn ọmọ wo lẹ fẹ́ rán wá sílé mi?"

Mo ní kí wọ́n lọ.