Wọ́n Ti Fọ Ewé Náà

"Bàbá, ta ló ní kí ẹ fọ̀ ọ́?"

Ojúọlá na ewé tábà náà sókè sí ojú fèrèsé. Ó ń dán bí ara ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àdín pa, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí àmì àrùn wà tẹ́lẹ̀ ti ya dànù. Ihò ló kù. Bàbá Bàrúwà, àgbẹ̀ tó gbé e wá láti Ọjà-Ọ̀dàn, ń rẹ́rìn-ín ẹni tó ń retí ọpẹ́.

"Tíṣà, ṣé kí n wá ru ìdọ̀tí wọlé yín ni? Ọmọ ilé ire ni mí o. Kànìnkàn tuntun ni mo fi fọ̀ ọ́."

Ojúọlá gbé ewé náà sórí tábìlì. Ó ti pẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò kékeré yìí ní Ìlárò, níbi tó ti ń wádìí ohun tó ń ba irè oko jẹ́. Àwọn kan a fi ọ̀rá di ewé tútù títí yóò fi jẹrà lórí ọ̀kadà. Ṣùgbọ́n ti Bàbá Bàrúwà le. Nígbà tó kọ́kọ́ wá, ewé tó dára jù lóko ló ṣà wá, kò lámì kankan lára. Ó ní àbùkù ni kéèyàn gbé aláìsàn lọ sílé ẹni tí kò mọ̀ rí. Ojúọlá bi í bóyá ara tó le ló máa ń gbé lọ fún dókítà. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó relé, ó sì lọ fọ ewé.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, àmì rúsúrúsú bo tábà Bàbá, kò sì rí ìkankan tà. Oògùn tó rà lọ́jà kò tu irun kan lára àrùn náà. Àrùn ọ̀hún ti padà báyìí, irúgbìn tuntun sì ti tó ṣí lọ sórí ebè. Ojúọlá fura sí oríṣi méjì, ìbátan ohun tó ń mú búrẹ́dì bu ni méjèèjì. Ọ̀kan a máa la ojú funfun sáàárín àmì; èkejì a máa ya òrùka sínú òrùka. Oògùn ọ̀kan kì í ran èkejì. Ta ni yóò wá mọ ìyàtọ̀ wọn lára ihò?

"Èmi fúnra mi ń bọ̀ lọ́la," ó wí.

Àṣìṣe ńlá ni. Nígbà tó dé, oko mọ́ bí ilẹ̀ mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ Jímọ̀. Bàbá ti já gbogbo ewé alámì, ó ti dáná sun wọ́n.

"Ṣé àlejò yóò máa bọ̀ kí oko má dùn ún wò?"

Ojúọlá jókòó sórí gbòǹgbò igi. "Bàbá, ẹ fẹ́ pa mí."

Ìyá Suliat, ìyàwó Bàbá, gbé omi dé. "Ṣé ewé alámì lẹ ń wá? Ó pọ̀ lórí ebè tèmi lẹ́yìn ahéré. Mo ti kìlọ̀ fún Bàbá Suliat kí wọ́n má fọwọ́ kàn án láti ìgbà tí wọ́n ti fi ọkọ́ gé ata mi."

"Ìyá Suliat! Ṣé ẹ̀yìn ahéré là ń mú àlejò lọ ni?"

"Ẹ̀yin lẹ lálejò, Bàbá Suliat. Èmi ò gbálẹ̀ de ẹnikẹ́ni."

Ojúọlá ti dìde. Níbẹ̀ ni ewé ọ̀hún wà, pẹ̀lú eruku àti òrùka nínú òrùka. Ó wé e sínú ìwé ìròyìn gbígbẹ. Bàbá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò fẹ́ wò ó.

Ní Ìlárò, ó gé ibi tó lámì lára ewé náà, ó gbìn ín sínú àwo onídígí kí àrùn náà lè hù jáde. Nígbà tó hù, ó fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó: àwọn ọmọ rẹ̀ dúdú, wọ́n so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n. Ó mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ó fi fóònù pe Bàbá, ó sọ oògùn tó yẹ kó rà kó tó ṣí irúgbìn.

"Tíṣà, orí ebè ta lẹ ti rí i?"

"Ti Ìyá Suliat."

"Alihamudulilai! Mo mọ̀ pé kò sí lóko tèmi."

Ojúọlá gbé fóònù kúrò létí, ó wò ó bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ mọ́lẹ̀. Ohùn obìnrin ló gbọ́ nígbà tó dá a padà.

"Ẹ má dá wọn lóhùn, Tíṣà. Ẹ tún orúkọ oògùn náà pè. Èmi ni máa fín in, ti tèmi ti tiwọn. Wọ́n ṣì ń fọ agolo ìfínko lọ́wọ́."