Ọjọ́ Tí Bàbá Láàbù Lé Kẹ̀kẹ́ ní Tunga

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ olóògbé Àlàbá Oyèdìran, Bàbá Láàbù tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ní Tunga ní Minna, ibì kan náà ni ẹnu gbogbo wọn ń gbà lọ: ọjọ́ tí bàbá ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin wọ ẹ̀wù funfun, tí sílípáàsì wà ní ẹsẹ̀ kan, tí ẹsẹ̀ kejì wà lófo, tó ń sáré lé kẹ̀kẹ́ lójú títì pẹ̀lú awẹ́ gíláàsì tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ra lọ́wọ́.

"Ẹ dá wọn dúró! Ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ló wà lọ́wọ́ mi yìí!"

Ta ló máa gbọ́ irú èyí tí kò ní dìde? Àwọn tó ń tún fóònù ṣe fò jáde, wọ́n dábùú ọ̀nà. "Barauniya! Olè ni! Ẹ fà á jáde!" Inú kẹ̀kẹ́ náà ni Rodiyah wà, obìnrin Ìlọrin tó ń ta rọ́bà ní Tunga, tó di Haniyyah, ọmọ rẹ̀ ọdún méje, mọ́ àyà. Ara ọmọ náà gbóná bí ìkòkò orí iná. Rodiyah kò jí nǹkan kan gbé. Ohun tó ṣe kò ju pé ó fi ìbínú kúrò ní láàbù Bàbá lọ.

Ọjọ́ kẹrin ibà náà nìyẹn. Oníkẹ́míìsì kan ti kán ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà sórí téésì ojú-ẹsẹ̀, ilà kan ṣoṣo ló yọ: kò sí kòkòrò ibà. Ni ìyá Rodiyah bá pè láti Ìlọrin. "Bí kì í bá ṣe ibà, kí lẹ ṣì ń ṣe ní Minna? Gbé ọmọ wá, kí Àfáà gbàdúrà sí i, kí èmi náà se àgbo fún un." Ọkọ̀ ti wà ní páàkì, ó ku èrò méjì. Aminah, aládùúgbò rẹ̀ ní Keteren Gwari, ló bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ Bàbá Láàbù.

Bàbá gba ẹ̀jẹ̀, ó tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí gíláàsì, ó fi aró sí i. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ná àkókò.

"Wákàtí kan, Ìyá Haniyyah."

"Haba, Bàbá! Ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

"Ibi igba lórí gíláàsì yìí ni maikirosikóòpù gbọ́dọ̀ dé. Ẹ mú àádọ́ta wá."

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọkọ̀ ń dúró."

"Ogójì. Kòkòrò ò wọkọ̀, kò kánjú."

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Alhaji kan wá bá a rí, ó fẹ́ gbàsinmi níbi iṣẹ́, ó ní kó ṣáà bá òun kọ "ibà" sínú ìwé. Bàbá fi wákàtí kan àtààbọ̀ wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Alhaji, ẹ má bínú. Ẹ̀jẹ̀ yín mọ́ jù yín lọ."

Ní ṣọ́ọ̀ṣì Bàtíìsì wọn, wọ́n ní kó wá fi ìṣẹ́jú márùn-ún jẹ́rìí. Ogójì ló lò, ó ń sọ ìwà àwọn kòkòrò ibà bí ẹni ń sọ ti àwọn àna rẹ̀. Ẹ̀yà tó ń jẹ́ Màlérí-e kì í pariwo, ó ń rọra jẹ ẹ̀jẹ̀ lọ ni. Ofálè a máa sá sínú ẹ̀dọ̀, a sùn síbẹ̀ fún oṣù gbọọrọ, ìgbà téèyàn bá gbàgbé rẹ̀ ló ń jí. Falsipárọ́ọ̀mù ni apànìyàn ilé. Pásítọ̀ ní kó fi àdúrà parí rẹ̀, Bàbá sì gbàdúrà fún gbogbo ẹni tí Ofálè ń sùn nínú ẹ̀dọ̀ wọn lọ́wọ́lọ́wọ́. Ìdajì ìjọ ló di ẹ̀gbẹ́ mú kí wọ́n tó ṣe àmín.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín jìnnà sí Rodiyah lọ́jọ́ náà. Haniyyah tó ti ń sunkún látàárọ̀ ti dákẹ́, ojú rẹ̀ ń yí. Fóònù dún. Dẹ́rẹ́bà ni: "Hajiya, ẹ̀yin nìkan là ń dúró dè o!" Bàbá ò gbójú sókè. Ó ń kà wúyẹ́wúyẹ́.

"Méjìlá... mẹ́tàlá..."

"Bàbá! Ọmọ mi ń lọ, ẹ̀yin ń kà!"

"Mẹ́rìnlá."

Rodiyah gbé ọmọ rẹ̀, ó jáde. Nígbà tí Bàbá fi máa gbórí sókè ní ibi kẹtàdínlógún, àga ti ṣófo.

Báyìí ló ṣe dójú títì. Ó gbá irin kẹ̀kẹ́ mú, ó ń mí gùlegùle.

"Falsipárọ́ọ̀mù ni! Sẹ́ẹ̀lì pupa kan ṣoṣo, kòkòrò bí òrùka méjì, bí òrùka mẹ́ta nínú rẹ̀! Bẹ́ ẹ bá gbé ọmọ yìí wọkọ̀ Ìlọrin, ẹ ò ní bá a dé Mokwa."

"Téésì ní kò sí!"

"Ojú fèrèsé ni wọ́n ń kó téésì yẹn sí. Oòrùn Minna ti sè é jinná!"

Rodiyah tẹjú mọ́ ọn. "Bàbá, ìgbà wo lẹ ti rí kòkòrò náà?"

Bàbá wolẹ̀. "Láti ibi àkọ́kọ́."

"Kí lẹ wá ń kà?"

"Mi ò... mi ò tíì kà á parí ni."

Àwọn ọmọkùnrin tó fẹ́ lu Rodiyah yíjú sí Bàbá, wọ́n ń wo ibi tí wọ́n máa ti bẹ̀rẹ̀.

Rodiyah ló gbà á lọ́wọ́ wọn. Ó fà á wọnú kẹ̀kẹ́, ó ní kí oníkẹ̀kẹ́ yí orí padà sí ọsibítù. Dókítà ibẹ̀ ní òun máa tún àyẹ̀wò ṣe lọ́la. Bàbá na gíláàsì sí i. "Ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ibì kan. Ibì kan péré lẹ máa wò." Ẹni tí kì í gba ohun tó dín ní igba! Dókítà wò ó lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ maikirosikóòpù, kò tíì gbórí kúrò tó fi ń pariwo abẹ́rẹ́.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi jókòó sórí báǹṣì kan náà. Bàbá ń gbàdúrà tirẹ̀ lórúkọ Jésù, Rodiyah ń fa tẹ̀sùbáà, Ọlọ́run ò sì bèèrè ògbufọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, Haniyyah lajú. Ó ní ebi ń pa òun.

Láti ìgbà náà, bí Bàbá bá ti rí òrùka àkọ́kọ́, a pariwo tán kó tó máa kà lọ. Gbogbo Tunga ló ń mọ ẹni tó ní ibà.

Gbogbo Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, ni ọ̀kadà Bàbá ń dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Rodiyah. Kì í sọ̀ kalẹ̀.

"Ọmọ mi ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni, Bàbá."

"Ó jẹun?"

"Ó jẹ tirẹ̀, ó tún jẹ tèmi mọ́ ọn."

A rẹ́rìn-ín, a sì máa lọ. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣe bẹ́ẹ̀, kò ra ike kan ṣoṣo.

Inú ọyẹ́ tó kọjá ni wọ́n sin ín. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Rodiyah ṣàdéédéé rí ara rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó dúró, ó ń wojú títì. Haniyyah tó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ jáde wá bá a.

"Mama, ta lẹ̀ ń retí?"

Rodiyah wò ó láti òkè délẹ̀.

"Kò sẹ́nì kankan. Lọ jẹun."