Ìka Ọwọ́ Mi Ló Sọ Òótọ́ fún Dókítà

Ìyàwó mi kì í gbà pé nǹkan ń dun òun. Nígbà tí a jọ wà ní yunifásítì, ayé ìgbà yẹn mà dára o, ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn họ́sítẹ̀lì wọn, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí ìbẹ́pẹ. Mo ní, "Ṣé ó ń dùn ẹ́ púpọ̀?" Ó ní, "A dúpẹ́." Ó sì ń tiro lọ sí kíláàsì.

"A dúpẹ́" yìí bá wa dé New York. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, ẹ̀jẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Dókítà ní òun ní láti mú díẹ̀ nínú ara ilé ọmọ lọ yẹ̀ wò, bóyá jẹjẹrẹ ni. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n fi abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ojú ibẹ̀ kú lọ̀ ọ́. Ó ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Ó fara dà á títí ó fi dákú. Wọn ò rí nǹkan kan mú. A wọ bọ́ọ̀sì padà sí Queens Village, a ò mọ nǹkan kan ju ti àárọ̀ lọ.

Nígbà kejì, mo bá a wọlé, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó gba abẹ́rẹ́ náà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, dókítà fọwọ́ kan ibẹ̀ wò.

"Màmá, láti òdo dé mẹ́wàá, báwo ni ìrora yín?"

"Òdo. Ògo ni fún Ọlọ́run."

Ó sì ń fún ọwọ́ mi débi pé ìka mi ń ta kókó.

"Dókítà, ẹ dúró! Ẹ má bi í mọ́. Èmi ni kí ẹ bi. Mẹ́sàn-án ni."

"Dádì! Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ń yẹ̀ wò ni?"

"Ìka ta ni ò ń fọ́?"

Dókítà rẹ́rìn-ín títí, ó fún un ní abẹ́rẹ́ mìíràn, ó ní ká sinmi díẹ̀. Nígbà tó yá, ojú mi ló wò.

"Báyìí ńkọ́, sà?"

"Mẹ́rin."

A tún dúró. Díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ ìyàwó mi dẹ̀, ó wá rí bí ìgbà tí a máa ń di ọwọ́ ara wa mú bọ̀ láti láíbìrì.

"Òdo," ni mo wí. Dókítà sì mú ohun tó fẹ́ yẹ̀ wò. Ó dùn mí díẹ̀ pé ó tètè parí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n pè wá lórí fóònù: kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ìyàwó mi gbá ọwọ́ mi mú gírígírí lórí tábìlì.

"Mẹ́wàá!" ni mo ké. "Mẹ́wàá, ìyá wọn!"

Kò tú u sílẹ̀.