Lẹ́ǹsì Mi àti Omi Àdúrà Màmá

Òwú ni mo ń fi sí abẹ́rẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Mowe, ni mo rí i pé abẹ́rẹ́ kan ti di méjì. Mo ṣẹ́jú, ojú ọ̀tún ta mí bí ẹni pé iyanrìn wọ̀ ọ́. Mo ní kò sí nǹkan kan.

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti fi lẹ́ǹsì inú ojú rọ́pò gíláàsì, torí bí ooru bá mú, òógùn á ti gíláàsì bọ́ sórí aṣọ oníbàárà. Lẹ́ǹsì ọjọ́ kan ṣoṣo ni: a ń fi sójú láàárọ̀, a ń sọ ọ́ nù bí a bá fẹ́ sùn. Ó rọ̀ torí omi tó wà lára rẹ̀, bí a bá sì ń ṣẹ́jú, omi ojú á máa rin ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ kì í ṣẹ́jú tó bó ṣe yẹ, fáànù sì ń fẹ́ sí mi lójú látàárọ̀. Bí omi ara lẹ́ǹsì bá ti gbẹ, á máa lẹ̀ mọ́ ojú.

Màmá mi, tí à ń jọ gbé, kì í ti ìsọjí ní Asese bọ̀ láìgbé omi àdúrà dání. Ní bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ọjọ́ abẹ́rẹ́ yẹn, mo sọ fún un pé ojú ń gbẹ mí, ó sì gbé ìgò kan fún mi.

"Kán díẹ̀ sí i, ọmọ mi. Ojú tó gbẹ, omi náà ló ń fẹ́."

Mo kán an, lẹ́ǹsì wà nínú ojú. Ó tù mí lára, ló bá di ojoojúmọ́. Ẹnikẹ́ni ò fipá mú mi o.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì abẹ́rẹ́ yẹn mọ́, ojú náà ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, mi ò lè ṣí i sí ìmọ́lẹ̀. Èmi àti Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ojú kan ní Ibafo títí oorun fi ń gbé Màmá lọ. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Kí ni télọ̀ fẹ́ fi ojú kan rán?

Dókítà, obìnrin kan tí kò tíì dàgbà tó mi, tan iná sí i. Ó ní egbò ti wà lára awọ tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú, bó bá sì jinlẹ̀, àpá rẹ̀ lè dí ìríran. Ó bi mí ohun tí mo ń kán sí i.

Màmá ló dáhùn. "Omi tí wọ́n gbàdúrà sí ni, dókítà. Ṣé ìyẹn náà ń ṣe èèyàn níjàǹbá ni?"

Dókítà kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ má bínú, Mà. Àdúrà ò lẹ́bi. Kòkòrò tí ojú ò rí ló wà nínú omi yẹn, lẹ́ǹsì wá fà á mu, ó gbé e lé ojú."

A gba oògùn, a sì padà sílé.

Wákàtí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní ká máa kán oògùn. Màmá ló ń kán an. Á kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò tẹ ẹ̀rọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Inú bí mi, mo sì sunkún. Lẹ́yìn náà, dókítà sọ pé àpá náà kéré, pé kò dí ìríran.

Gíláàsì ni mo fi ń ránṣọ báyìí. Mo ti kọjú fáànù sí ògiri. Bí mo bá fi lẹ́ǹsì lọ́jọ́ Sọ́ńdè, oògùn tí wọ́n ṣe fún lẹ́ǹsì nìkan ló ń kàn án. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ ni ojú ń ṣe bó ṣe ń rin ara rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá ti ìsọjí dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgò omi lọ́wọ́.

"Ọmọ mi, mímu lèyí o."

Mo mu ún. Omijé bọ́ lójú ọ̀tún mi, kò ta mí rárá.