Olinka Tó Ń Wọ̀n Wá Ká Tó Fò

Ọdún kọkànlá rèé tí Olinka Wassillie ti ń wọ̀n wá lórí òṣùwọ̀n kó tó jẹ́ ká wọ bàálù, kò sì sẹ́ni tí kò tíì bú u rí nídìí rẹ̀ ní abúlé wa létí odò Kuskokwim ní ilẹ̀ yìnyín. Bó o bá purọ́ pé o fúyẹ́, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì nawọ́ sí òṣùwọ̀n. Títì kò dé ọ̀dọ̀ wa. Bàálù kékeré ni mọ́tò wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, gbogbo abúlé ló ya lọ sí pápá bàálù. Àwọn ọmọbìnrin wa ń lọ gbá àṣekágbá ife bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ nílùú ńlá, ohun tí a kò rí láti ogún ọdún! Agafia, ọmọ Olinka, ni ògbóǹkangí wọn. Inú Olinka dùn gan-an. Ṣùgbọ́n bàálù kan ṣoṣo ló wà, kùrukùru sì ń bọ̀ lọ́sàn-án. Bí wọn ò bá tètè gbéra, ó parí nìyẹn.

Bàbá Yako, tó bí Olinka, lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn bàálù.

"Ọmọ ọmọ mi ò ní wọ èyí. Ṣé ẹ ò rí téèpù lápá ẹ̀ ni? Bàálù tí wọ́n lẹ̀ bí ìwé."

"Bàbá, òfin mọ̀ sí téèpù yẹn, ẹlẹ́rọ ló fi síbẹ̀," ni Olinka fèsì. "Ẹ má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa pa làpálàpá. Ẹ jẹ́ n wọ̀n wọ́n."

"Kí lo fẹ́ wọ̀n lára àwọn pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọ̀nyí?"

Ó wọn àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó ṣírò, ó tún un ṣe. Ẹrù náà fi ìwọ̀n odidi àgbàlagbà kan ju ohun tí bàálù lè gbé lọ.

"Ẹnì kan wà níbí tí mi ò rí," ló wí. "Ó yá, ẹ ṣí kóòtù yín."

Ẹja ni! Ẹja gbígbẹ lábíyá, ìgò òróró ẹran òkun nínú àpò, ẹja lẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Ta ni yóò lọ sílùú lọ́wọ́ òfo nígbà tí ẹbí wà níbẹ̀? Ti Agafia ló pọ̀ jù.

"Ta ló kó èyí fún ẹ?"

Agafia wo bàbá àgbà rẹ̀. Bàbá Yako ń wo ojú ọ̀run.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ tó wà nílùú ló fẹ́ràn ẹ̀," ni bàbá sọ fún Olinka jẹ́jẹ́.

"Tí ẹja bá lọ, ọmọ kan á dúró. Ẹ yàn, Bàbá."

Bàbá Yako fúnra rẹ̀ ló tú ẹja náà sílẹ̀ sórí yìnyín, àwọn ìyókù sì tú tiwọn. Bàálù sáré, ó sáré, ó gbéra! A pariwo títí ohùn fi há. Olinka ń fò sókè, omijé ayọ̀ ń dà lójú rẹ̀.

Bàbá Yako nìkan ni kò pariwo. Ó tọ ipa táyà nínú yìnyín tuntun dé ibi tó parí sí. Láti ibẹ̀ dé bèbè tí pápá ti já sódò, ó ka ìṣísẹ̀ rẹ̀. Méje péré ló kù kí bàálù náà já sódò. 

Nígbà tó padà, ó gbé ẹja rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì dúró níwájú òṣùwọ̀n.

"Olinka, pe ẹni tó ń wọn èèyàn lọ́hùn-ún. Kó wọ̀n wọ́n dáadáa tí wọ́n bá ń bọ̀ lọ́la."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

"Kó wọn ife náà mọ́ wọn."